Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN TÓ Ń TA GÌTÁ: SUKÚRÙ KÉKERÉ INÚ PẸ́DÀLÌ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ta gìtá ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń sanwó ohun èlò orin.

Pẹ́dàlì ni àpótí kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni Fuzz Face, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní London ní 1966, tí Jimi Hendrix sì lò. Transistor méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ lónìí máa ń fi ohun kékeré kan sínú rẹ̀ tó dà bí orí sukúrù. Trimmer ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó de nǹkan mọ́ra o. Òun ló ń díwọ̀n iná bátìrì tó ń dé ọ̀dọ̀ transistor. Bí ó bá wà ní ààyè rẹ̀, ohùn á nípọn, á sì pẹ́ kí ó tó kú. Bí ó bá ṣì, ohùn á máa já, á máa ha bí ọ̀fun tó gbẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin:

1. Ẹ fi bírò fàlà sí ibi tí ó wà kí ẹ tó yí i. Ẹni tí kò sàmì sójú ọ̀nà, báwo ni yóò ṣe padà? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba pẹ́dàlì tó dára jẹ́.

2. Ẹ rọra yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ta gìtá, kí ẹ sì máa gbọ́. Bí ó bá dé òpin, ẹ má fipá yí i, yóò kán ni.

3. Bí ẹ bá ní mítà, ẹ fi bátìrì 9 volt tuntun sí i. Ẹsẹ̀ transistor kejì tí à ń pè ní collector sábà máa ń wà ní nǹkan bí 4.5 volt, ìyẹn ìdajì. Ṣùgbọ́n etí ni adájọ́.

4. Bí transistor rẹ̀ bá jẹ́ ti germanium, ooru máa ń yí i padà. Èyí tí ẹ tò lóru nínú yàrá tútù lè yí ohùn padà nínú oòrùn ọ̀sán. Nítorí náà, ibi tí ẹ ó ti lò ó gan-an ni kí ẹ ti tò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe gbogbo trimmer la ń fọwọ́ kàn. Àwọn tó wà nínú pẹ́dàlì chorus àti delay, òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìwọ̀n pàtàkì ni wọ́n fi tò ó níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Ẹ má sì torí pé ẹ ti mọ pẹ́dàlì tú ẹ̀rọ amóhùnròkè o! Bátìrì 9 volt kò lè pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n iná NEPA tó wọ inú amóhùnròkè lè pa ènìyàn. Kódà bí ẹ bá ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, iná ṣì lè kù nínú rẹ̀.

Ẹ fàlà, ẹ rọra, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun èlò ọ̀wọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ wa.