Nígbà Tí Jẹjẹrẹ Bá Mú Aya Ẹni

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, ọdún 2009, Hajiya Maryam Babangida, aya olórí ìjọba ológun nígbà kan rí, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, jáde láyé ní Los Angeles, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́ni ọdún 61. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin ni. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Minna ni ilé wọn. Ọkọ tó ń gbé Maikunkele, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Minna wà, lè má lówó àtidé Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìpinnu kan náà ló dojú kọ ọ́.

Àrùn yìí kì í tètè hàn. Inú a máa wú, oúnjẹ díẹ̀ a yóni, abẹ́ inú a máa roni, ìtọ̀ a sì máa gbọ̀nni lemọ́lemọ́. Iṣẹ́ abẹ àti oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀.

Kí wọ́n tó ta ilẹ̀, kí tọkọtaya bi dókítà pé: níbo ni àrùn náà tàn dé? Ṣé ìtọ́jú yóò wò ó sàn ni, àbí yóò kàn dẹ ìrora? Èló ni yóò ná wọn?

Bí ojú bá ń sunkún, imú náà a máa sunkún. Ṣùgbọ́n aláìsàn ló ni ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.