OHUN TÍ ỌMỌ GBỌ́DỌ̀ NÍ KÍ Ó TÓ LÈ KỌ́ ÌMỌ̀ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍ YUNIFÁSÍTÌ

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wà fún àwọn òbí àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Efire, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Agó-Ìwòyè àti ní àwọn ìletò tí ó yí wọn ká. A bẹ ẹni tí ó bá mọ ìwé kà kí ó kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń fẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń tọ́jú owó tí wọn yóò fi ra ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà yàn ní kíláàsì SS1. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé níbẹ̀ gan-an ni ọ̀nà yunifásítì ti ń là tàbí tí ó ti ń dí.

Yunifásítì kò jìnnà sí wa. Ní 1982 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá èyí tí ó wà ní Agó-Ìwòyè sílẹ̀. Ní 2001 ni a fi orúkọ Olabisi Onabanjo pè é, ẹni tí í ṣe gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ yìí fi ìbò yàn. Wọ́n ń kọ́ni ní Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

Ìwé Mẹ́wàá

Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́dìtì márùn-ún, ní ìjókòó tí kò ju méjì lọ. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Kí àwọn òbí kíyè sí i pé láti A1 títí dé C6 ni à ń pè ní kírẹ́dìtì. D7 àti E8 fi hàn pé ọmọ kò kùnà, ṣùgbọ́n wọn kò tó fún yunifásítì. Ọmọ lè ní A1 mẹ́fà, kí D7 kan ṣoṣo nínú Ìṣirò sì dá a padà sílé.

Ìdánwò JAMB

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ yóò ṣe, máàkì gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 400. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ń wá Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà yóò fi Ìṣirò àti Físíìsì kún un. Yóò wá yan ọ̀kan nínú Kẹ́mísírì, Bayọ́lọ́jì, Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀, Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀-ajé tàbí Jọ́gíráfì. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò yìí. Kò yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ ìdánwò ni ọmọ yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ẹni tí ó bá gba dípúlómà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe pẹ̀lú máàkì gíga lè béèrè àyè ní ọdún kejì yunifásítì. Síbẹ̀, a ó tún béèrè kírẹ́dìtì márùn-ún náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin

Kì í ṣe ìwé títẹ̀ ni wọ́n ń kọ́. Ní ọdún kìn-ín-ní, Ìṣirò àti Físíìsì ni ó pọ̀ jù. Ní ọdún kejì, wọn yóò kọ́ bí a ti ń kọ ètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ wo bí a ti ń ṣe garí: a ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rin ín, a ó fún omi rẹ̀, a ó jọ̀ ọ́, kí a tó yan án. Bí a bá fo ọ̀kan, iṣẹ́ bàjẹ́. Ènìyàn lè rántí ohun tí a gbàgbé láti sọ fún un. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ọmọ mọ ìṣirò, kí ó sì lè ronú létòlétò. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò kọ́ bí a ti ń to ìmọ̀ pamọ́ sínú ẹ̀rọ, wọn yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, wọn yóò sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní ọdún kẹrin.

Ohun tí a fi ń wọn iṣẹ́ yìí ni yúnìtì. Ó kéré tán, ọmọ yóò ní 120 kí ó tó gboyè. Yúnìtì kan jẹ́ wákàtí 15 ní kíláàsì, tàbí wákàtí 45 ní ilé ìdánrawò, ní sáà kan.

Ìmọ̀ràn

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti ṣe àṣìṣe náà rí. Nígbà tí Físíìsì ṣòro fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi ni mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó ṣe tán, Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ọdún méjì gbáko ni ó fi padà sẹ́yìn láti tún ìdánwò ṣe. Ìmọ̀ràn mi ni ó ná an ní ọdún méjì náà.

Nítorí náà, ẹ béèrè iṣẹ́ ọmọ yín ní SS1, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Bí kò bá sí olùkọ́ Físíìsì ní ilé-ìwé yín, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kọ̀wé sí ìjọba nísinsìnyí. Kí ẹ má ṣe dúró di ọdún ìdánwò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sí òde.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kírẹ́dìtì nínú àwọn ẹ̀kọ́ wo ni ó jẹ́ dandan?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin C6 àti D7?
3. Nínú ilé-ìwé tiwa, ta ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Físíìsì?