ÒYÌ OMI: LÁTI GANAJA DÉ ÌSÀLẸ̀ ÒKUN

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí nílé. Bí ènìyàn bá ti Lokoja gba Ganaja lọ sí Ajaokuta, Odò Ọya wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Òkè ibẹ̀ díẹ̀ ni Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Àwọ̀ wọn kò dọ́gba, wọn kì í sì í dàpọ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbi tí omi tó ń sáré bá ti ń fara ra omi tó ń rọra lọ, omi á máa yí po lójú kan. Ìyípo bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní òyì omi. Ẹni tó rí bí odò ṣe bo ọ̀nà Ganaja mọ́lẹ̀ ní 2012 àti 2022 mọ̀ pé omi kì í ṣe ohun tí à ń fojú di. Síbẹ̀, òyì kan wà nínú ibú òkun tó tóbi ju ti odò lọ fíìfíì.

Kí ló ń mú omi wúwo?

Ohun méjì pàtàkì ni: òtútù àti iyọ̀. Ẹ dán an wò nínú yàrá yín. Fi ẹyin tútù sínú ife omi lásán, yóò rì. Po iyọ̀ púpọ̀ sínú omi náà, ẹyin yóò léfòó. Ẹyin kò yí padà. Omi ló wúwo sí i. Bákan náà, bí omi tútù tàbí omi oníyọ̀ bá bọ́ sínú omi tó fúyẹ́ jù ú lọ, abẹ́ ni yóò gbà.

Etí òkun dà bí pẹpẹ. Ilẹ̀ rẹ̀ ń rọra jìn títí dé nǹkan bí 200 mítà. Lẹ́yìn èyí ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí yóò já sí ibú tó jìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà. Ibẹ̀ ni omi wúwo ń gbà sọ̀kalẹ̀.

Báwo ni òyì ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Ìbá ṣe pé ayé dúró lójú kan, omi náà ìbá ṣàn tààrà bí òjò lórí páànù. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ìyípo ayé ń darí ohun tó bá ń rìn lọ jìnnà sí ọ̀tún ní apá àríwá ayé, sí òsì ní apá gúúsù. Nítorí náà, omi wúwo á yà, á máa fẹ̀gbẹ́ rìn lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, omi tó wà lórí rẹ̀ á nà gùn. Omi tó bá nà gùn á tín-ín-rín, ìyípo rẹ̀ á sì yára, bí oníjó tó ń yí tó wá ká apá méjèèjì mọ́ra. Irú èyí wà láàárín Greenland àti Iceland, níbi tí omi tútù ti àríwá ti ń kọjá lórí òkè abẹ́ omi kan tó ń ya lulẹ̀ sínú Àtìláńtíìkì.

Irú kejì wà lẹ́nu Òkun Mẹditaréníà. Oòrùn ń fa omi ibẹ̀ gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 38 nínú kílò omi kan. Ti Àtìláńtíìkì tó wà nítòsí jẹ́ bí 36. Omi yìí ń gba Gibraltar jáde, ó ń sọ̀kalẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 mítà, ó ń yà sí ọ̀tún lẹ́bàá Spéìn àti Pọtogí. Níhìn-ín, omi wúwo náà fúnra rẹ̀ ló ń já di òyì pẹrẹsẹ. Meddy ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Fífẹ̀ ẹyọ kan lè tó 100 kìlómítà, ó sì lè máa yí fún ọdún méjì.

Ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ńkọ́?

Lọ́dọ̀ tiwa, omi lè wúwo nítorí ẹrẹ̀. Ní January 2020, lẹ́yìn tí Odò Kóńgò ti kún àkúnya, omi ẹlẹ́rẹ̀ rọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú àfonífojì tó wà lábẹ́ òkun níwájú rẹ̀. Ó rìn ju 1,100 kìlómítà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, eré rẹ̀ sì tó mítà 8 níkẹyìn. Ó já wáyà SAT-3 àti WACS tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí kò di òyì ńlá: ó yára jù, àfonífojì sì há a mọ́, ìyípo ayé kò ráyè yà á sọ́tọ̀.

Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ wà níwájú etíkun tiwa pẹ̀lú. Ọ̀kan ń jẹ́ Mahin, ní ìhà Ìlàjẹ. Nígbà tí wáyà mẹ́rin já níwájú Abidjan ní 14 March 2024, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà dúró gbagidi. Nítorí náà, ẹni tó ń la ọ̀nà wáyà gbọ́dọ̀ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkun bí ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe mọ odò. Lára ẹrẹ̀ tó ń kọjá ní Ganaja lónìí, òkun ni yóò já sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti físíìsì, iṣẹ́ yín nìyẹn.

Ìdánrawò

1. Kí nìdí tí omi wúwo kì í fi í ṣàn tààrà lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkun?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òyì ti Greenland àti Meddy?
3. Bí omi Mẹditaréníà bá wà ní apá gúúsù ayé, ọwọ́ wo ni yóò yà sí?