Ẹ̀dà Kan ní Ìkàrẹ́, Ẹ̀dà Kan ní Ọ̀kà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tajà ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, ẹ fún mi létí díẹ̀. Mò ń rí yín ní Ọjà Ọba. Àkọsílẹ̀ àwìn, nọ́ńbà oníbàárà, iye ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò burú. Èkúté ló máa ń jẹ ìwé tiwa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá já fóònù yẹn gbà lórí ọ̀kadà, ta ni yóò rán yín létí ẹni tó jẹ yín lówó? Ajigbèsè kọ́.

Ẹ ti rí orúkọ Maersk lára kọ̀nténà tó ń ti Àpápá bọ̀. Ilé iṣẹ́ Dẹ́nímáàkì ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní NotPetya gba Ukraine wọlé sí wọn lára. Kì í ṣe pé wọn kò ní ẹ̀dà o! Kọ̀ǹpútà bí 150 ló ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́ àti àṣẹ ìwọlé wọn káàkiri ayé, ohun tó bá wà nínú ọ̀kan wà nínú ìyókù. Wọ́n gbà pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á dúró. Àṣé okùn kan náà ló so gbogbo wọn. Kòkòrò tọ okùn náà, ó pa wọ́n tán, ó ku ẹyọ kan ní Gánà. Kí ló yọ ọ́? Iná ló lọ. Iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò tó dé, kọ̀ǹpútà náà kò sí lórí ayélujára. Àwa tí a máa ń ṣépè fún NEPA! Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lágbára tó láti fi ohun inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, òṣìṣẹ́ Gánà kò sì ní físà. Ló bá wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fa ohun inú kọ̀ǹpútà náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ètò kọ́ ló yọ wọ́n, orí ló yọ wọ́n.

Ẹ̀yin ẹ má dúró de orí. Ẹ̀dà tí Google ń bá yín tọ́jú dára, àmọ́ ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níbí lè pa rẹ́ lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 tí wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá já lẹ́bàá Abidjan, ṣebí ẹ rí bí báńkì ṣe ń kọsẹ̀. Àgbẹ̀ kì í da irúgbìn àgbàdo mọ́ èyí tó wà ní aká, orí àjà ló ń so ó kọ́ sí.

Nítorí náà, ní alẹ́ Sátidé, ẹ gba orí kọ̀ǹpútà da ẹ̀dà àkọsílẹ̀ inú fóònù sórí fúláàsì, kí ẹ sì yọ fúláàsì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkàrẹ́, kó gbé e lọ sí Ọ̀kà. Ará Ọ̀kà, kó gbé tirẹ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Ẹ ṣáà kọjá Àkùngbá ni. Iná tó bá jó ṣọ́ọ̀bù kò lè rin ọ̀nà yẹn. Ẹ fi páásíwọ̀dù tì í, orúkọ oníbàárà wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, bóyá ó ṣì ń ka. Kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tí ẹ bá fi pamọ́ sí lọ́wọ́, kí ọmọ ilé má baà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó kó orin sí i.