Kí Ẹ Tó Fi Orúkọ Iléeṣẹ́ Ńlá Ṣòwò ní Sábó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i pé púpọ̀ nínú yín fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sábó lábẹ́ orúkọ tó ti lókìkí. Ohun rere ni. Iléeṣẹ́ UAC dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986. Nígbà tó yá, wọ́n gba àwọn ẹlòmíràn láyè láti fi orúkọ náà ṣí tiwọn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni owó tí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ná láti gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi orúkọ wọn ṣòwò.

1. Owó orúkọ, owó ìpolówó, owó ọjà àwìn: bí èyíkéyìí bá wọlé pẹ́, iléeṣẹ́ á gba lọ́yà, á gba agbowó, á sanwó ní kóòtù. Ẹ wá ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ ẹni tí yóò san gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yìn ìwé ló sábà máa ń wà, níbi tí kíkà ti sú yín.

2. Kí ẹni tó jẹ gbèsè tún máa san ìnáwó ẹni tó wá gbà á kì í ṣe tuntun. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, bí ológò, agbowó ayé àtijọ́, ṣe ń gba gbèsè. Á jókòó ti ẹni tó jẹ gbèsè nínú ilé, á máa bú u, á pa adìẹ àti ewúrẹ́ tó bá rí jẹ. Bó tilẹ̀ jẹ́ ẹran ará ilé, ẹni tó jẹ gbèsè ni yóò san án. Òṣómàáló, oníṣòwò àwìn Ìjẹ̀ṣà, sàn díẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń lóṣòó dúró de owó rẹ̀.

3. Ibi tí agbára yín wà nìyí. Ní 2004, nínú ẹjọ́ Nwanji àti Coastal Services, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò fara mọ́ ọn kí a di owó lọ́yà ẹnì kan lé ẹnì kejì lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fọwọ́ ara yín gbà á nínú àdéhùn, ọ̀rọ̀ lè yí padà, nítorí adájọ́ á wo ohun tí ẹ buwọ́ lù. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí ìnáwó náà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ ní kó jẹ́ ẹni tó bá jàre ní kóòtù ni yóò gbà á, ìbáà ṣe iléeṣẹ́, ìbáà ṣe ẹ̀yin. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹrù náà wúwo, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ mọ́ owó tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá yín fi ìwé ilé ṣe onígbọ̀wọ́. Mo bẹ̀ yín.

5. Bí ọwọ́ bá fẹ́ há, ẹ tètè kọ lẹ́tà sí wọn kí wọ́n tó gba lọ́yà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín, abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ torí àdéhùn tí ẹnì kan kò mú ṣẹ nìkan mú un. Ẹ sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì pe lọ́yà tiyín lójú ẹsẹ̀.