Ewu Inú Ilé, àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Ṣe

Ọ̀ràn tí a fẹ́ kí a jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀ràn àjèjì. Agbo ilé tí iná kò jó ọmọ kan nínú rẹ̀ rí, tàbí tí ọmọ kan kò gbé igò tí kì í ṣe tirẹ̀ sẹ́nu rí, ṣọ̀wọ́n láàárín wa. A máa ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí àgbákò, a sì máa ń wí pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wádìí rẹ̀, a ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà ìpalára méjì ni ọmọ náà rí gbà: èkínní láti ọwọ́ ohun tí ó ṣe é, èkejì láti ọwọ́ àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀, tí a fi ìbẹ̀rù sáré mú ohun tí ọwọ́ wa kọ́kọ́ bà. Èkejì yìí ni a fẹ́ bá yín sọ jù, nítorí pé òun ni ó wà ní ìkáwọ́ wa pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí epo òyìnbó, èyí tí a tún ń pè ní kẹrosíìnì. Lóòótọ́ ni gáàsì ti gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ní àwọn ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lábẹ́ tábìlì àti lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ilé púpọ̀. Ẹni tí ń tà á kì í bá wa wá igò. Àwa ni a ń gbé igò lọ. Irú igò wo ni a sì ń gbé lọ? Igò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọ mu ohun dídùn nínú rẹ̀ lánàá, tàbí ike tí a fi ń pọn omi mímu. Epo náà sì mọ́ gaara bí omi. Ọmọ ọdún 2 tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìwé kà. Igò ni ó mọ̀.

Nígbà tí ọmọ bá gbé epo òyìnbó mì, kì í ṣe inú ikùn ni ewu ńlá wà, bí kò ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró. Epo yìí kò ki, ó ń yọ̀ lọ kíákíá, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì ṣìnà gba ọ̀nà èémí. Ìwọ̀nba kékeré tí ó bá dé ibẹ̀ tó láti mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú, kí mímí sì di ìnira. Ìyá tí ó rí èyí a máa sáré gbé epo pupa, nítorí pé láti ìgbà àwọn baba wa ni a ti gbà pé epo pupa a máa pa oró májèlé. A mọ bí ìgbàgbọ́ náà ti jinlẹ̀ tó, a kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa rò ó wò. Epo pupa tí a dà sí ọmọ lẹ́nu lè mú un bì. Bí ó bá sì ń bì, epo òyìnbó tí ó ti dé ikùn, níbi tí ibi tí ó lè ṣe kò pọ̀, yóò tún padà gba ọ̀fun kọjá, yóò sì rí àyè ẹ̀ẹ̀kejì láti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Epo pupa fúnra rẹ̀ pẹ̀lú lè bá a wọ ibẹ̀. Bákan náà ni omi iyọ̀, bákan náà sì ni ìka tí a ń tì bọ ọmọ lọ́fun kí ó lè bì. Ẹni tí yóò bá wí pé, “Ṣebí a fún Táyé ní epo pupa, kò sì kú,” ó yẹ kí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mu díẹ̀ nínú epo òyìnbó ni yóò yè bí a kò tilẹ̀ fún wọn ní nǹkan kan. Epo pupa kọ́ ni ó gbà wọ́n là. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ni.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kí a má ṣe fún un ní ohunkóhun tí yóò mú un bì. Kí a bọ́ aṣọ tí epo dà sí kúrò lára rẹ̀, kí a fi ọṣẹ àti omi wẹ ibi tí ó kàn, nítorí epo náà a máa bó ara, òórùn rẹ̀ tí ọmọ ń fà símú kò sì ṣe é ní rere. Kí a gbé e jókòó, kí a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn tòun ti igò náà, kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu. Bí ó bá ń wúkọ́, tí ó ń mí lemọ́lemọ́, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí ó ń sùn lọ ní àkókò tí kì í sùn, pàjáwìrì ti dé. Bí kò bá sì ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, kí a mú un lọ síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn àmì náà lè má fara hàn títí di wákàtí mélòó kan, nítorí èyí ni àwọn dókítà fi ń fẹ́ ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó wákàtí 6 kí wọ́n tó jẹ́ kí ó padà sílé.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀ràn ìrànlọ́wọ́ ni a ń pa òwe náà sí, ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ bí ó ti dún gan-an, ó ti fi ibi tí ó yẹ kí igò epo wà hàn wá. Orí pẹpẹ gíga ni, nínú ike tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò fi mu omi rí. Oògùn tí ìyá àgbà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń dì sí etí ìró rẹ̀, kí ó bá a gun orí pẹpẹ náà. Àwọn tí ń se ọṣẹ láàárín wa ní láti ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi kọ́sítíìkì tí ọmọ bá gbé mì a máa jó ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà. Bí ọgbẹ́ náà bá sì jinná, ojú àpá rẹ̀ a máa sún ọ̀nà ọ̀hún kì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kọ mímu pàápàá yóò fi di ìṣòro. Níbẹ̀ pẹ̀lú, kí a má ṣe mú ọmọ bì: ohun tí ó jó o nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀.

Ní ti iná àti omi gbígbóná, púpọ̀ nínú ewu náà ń wá láti inú àṣà wa láti máa dáná nílẹ̀. Ọmọ tí ń rákò kò ga ju ìkòkò lọ, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ń hó nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná burú ju omi lọ, nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí omi ì bá ti tutù. Kí a gbé ààrò sókè bí a bá lè ṣe é. Bí a kò bá lè ṣe é, kí a fi nǹkan ṣe ọgbà yí i ká. Bí a bá ń po omi ìwẹ̀ ọmọ, omi tútù ni kí ó kọ́kọ́ wọ inú ọpọ́n. Kí a má ṣe rọ epo sínú àtùpà tàbí sítóòfù tí iná wà lẹ́nu rẹ̀. Epo òyìnbó tí bẹntiróòlù bá sì dà mọ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe epo ìdáná mọ́: ó lè bú gbàmù. Òórùn rẹ̀ a máa yàtọ̀. Bí ó bá ti mú ifura wá, kí a má ṣe fi iná kàn án.

Bí iná bá ti jó ènìyàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí a wá ẹyin tútù, tàbí ọṣẹ ìfọyín, tàbí iyọ̀, tàbí epo ọkọ̀. Omi ni oògùn rẹ̀, omi tútù lásán tí ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20. Ó rọrùn débi pé àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn a sì máa wí pé omi ni ó ń mú ìléròrò jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru tí ó ti wọ inú ara ṣì ń jó o lẹ́yìn tí a ti mú iná kúrò, omi ni ó sì ń fà á jáde. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ omi, kí a máa fi igbá bu omi dà á díẹ̀díẹ̀. Kí a bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kúrò kí ara tó wú. Kí a má ṣe fọ́ ìléròrò. Kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá bí ó bá ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó jó náà lọ, tàbí bí ó bá kan ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, oríkèé tàbí ojú ara. Ọ̀kan wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ: ojú iná tí ó funfun tàbí tí ó dúdú, tí kò sì dun ẹni tí ó jó. A ó rò pé ó fúyẹ́. Ó jinlẹ̀ ni, ó ti kọjá ibi tí ìrora ń gbé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó ti inú èéfín jáde, tí ohùn rẹ̀ há, tí èédú wà nínú ihò imú rẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí ó sùn sílé ní alẹ́ náà, bí awọ ara rẹ̀ tilẹ̀ mọ́.

Ó ku giri. A mọ̀ pé kò sí ohun tí ń dẹ́rù ba ìyá bí i pé kí ojú ọmọ rẹ̀ yí, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbọ̀n. Nínú ìpayà yẹn ni a ti ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, kí ooru lè jí i. A ti ti ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀ títí eyín fi kán. A sì ti fún un ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù àti efinrin ṣe. Ní àwọn ọdún 1970 àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn yẹ àgbo yìí wò, wọ́n sì kọ̀wé nípa oró rẹ̀. Ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ gidigidi, ṣúgà tí ó bá sì wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a máa mú giri wá. Ohun tí a fi ń lé giri ni ó ń pè é padà.

Èé ṣe tí àwọn ènìyàn rere, tí wọn kì í ṣe òmùgọ̀, fi gbẹ́kẹ̀lé e pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé giri tí ibà ń mú bá ọmọ, láti ọmọ oṣù 6 títí di ọmọ ọdún 5, a máa dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohunkóhun tí a bá ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ó dúró ni yóò gba ìyìn. Bí a bá ń lu agogo ni, a ó yin agogo.

Kí a tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kúrò lẹ́bàá iná àti ohun líle. Kí a tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Kí a má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a má sì ṣe dì í mú. Kí a wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí bí òmíràn bá tún dé kí ó tó jí, kí a má ṣe dúró mọ́ rárá. Ní ilẹ̀ wa níbí, gbogbo ọmọ tí giri bá mú ni ó yẹ kí dókítà rí ní ọjọ́ náà gan-an, àní bí ó tilẹ̀ ti jí tí ó ń ṣeré, nítorí ibà ẹ̀fọn tí ó le àti àìsàn tí ń kọlu awọ ọpọlọ a máa fi giri kéde ara wọn. Ọrùn tí ó le, àwùjẹ̀ tí ó wú sókè, ọmọ tí kò lè mu ọmú mọ́, àtẹ́lẹwọ́ tí ó funfun bí ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀: ìyá tí ó mọ mẹ́rin wọ̀nyí mọ ohun púpọ̀.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un nípa ẹ̀rọ amúnáwá àti ìkòkò èédú, nítorí pé wọn kì í pariwo ewu wọn. Èéfín kan ń ti ara wọn jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Kí ẹ̀rọ náà wà lóde, ó kéré tán ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé; kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tì ní àkókò ọyẹ́. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, kì í ṣe ibà. Kí a ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo wọn bọ́ sí ìta, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n jẹ.

Gbogbo ohun tí a ti sọ kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ bí a bá dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn àkókò. Ó bani nínú jẹ́ pé ní ilé púpọ̀ ìyá kò lè gbé ọmọ jáde ní òru títí baba ọmọ yóò fi dé. Ẹ̀yin baba, ẹ sọ ọ́ lónìí, kí ìyá yín àti àwọn àbúrò yín sì gbọ́, pé ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró dè yín. Ẹ mọ ilé ìwòsàn tí ń ṣí ilẹ̀kùn ní òru, ẹ mọ aládùúgbò tí ó ní ọkọ̀, kí ẹ sì ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nọ́mbà 112 ni a yàn fún pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Èkó nọ́mbà 767 wà pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì yín kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n mú un lọ sílé, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná, ní ibi tí ojú ìyá wọn yóò ti máa rí i.