Jígí Kì í Ba Ojú Jẹ́

“Dókítà, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 17, ń múra sílẹ̀ fún JAMB. Orí fóònù ló ti ń kàwé títí di òru. Ojú ń ta á, ó ń ṣomi, ọrùn sì ń dùn ún. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó lọ gba jígí torí kò rí ojú pátákó dáadáa, àmọ́ a ò fẹ́ kó tètè bẹ̀rẹ̀ jígí kí ojú rẹ̀ má baà bàjẹ́ pátápátá. Kí ni ká máa kán sí i?” Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ẹ ó kán sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ jígí yìí ni mo fẹ́ bá yín jà sí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí rí, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn!

Jígí kì í ba ojú jẹ́. Orí imú ló ń jókòó sí, kò wọnú ojú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó darí ìmọ́lẹ̀ síbi tó yẹ kó balẹ̀ sí ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, ojú á wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ óò ní, “Ọmọ àbúrò mi ńkọ́, tí wọ́n ń fi èyí tó le jù pààrọ̀ jígí rẹ̀ lọ́dọọdún?” Ọmọ yẹn ń dàgbà ni. Ẹyinjú tó gùn jù ni kì í jẹ́ kó rí ọ̀ọ́kán, bó sì ti ń ga ni ẹyinjú náà lè máa gùn sí i. Bí bàtà èṣí kò bá gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣé bàtà ló fa ẹsẹ̀ gùn ni? Ẹlòmíràn á ní bí òun bá ti bọ́ jígí, gbogbo nǹkan á ṣú ju ti àtijọ́ lọ. Irọ́ ni. Ó ti mọ bí ayé ṣe mọ́ tó ni.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni, “Obìnrin ni o, ta ni yóò fẹ́ onígíláàsì?” Ọmọ tí kò rí pátákó ni wọ́n ń pè ní olódo ní kíláàsì. Ṣé ìyẹn ló máa rí ọkọ fẹ́?

Ó dáa, fóònù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sun ojú jóná, nítorí náà ẹ má ra jígí aláwọ̀ kankan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí a bá tẹjú mọ́ fóònù, a kì í ṣẹ́jú tó. Ìgbà bíi 15 tí à ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú kan lè já sí 5 tàbí 7. Ojú á gbẹ, á máa ta, ara á wá tú omi sí i. Ní ti ọrùn tó ń dùn ún, orí èèyàn tó nǹkan bíi kílò 5, ọrùn tó tẹ̀ ba ló ń gbé e. Kí ọmọ yín gbé fóònù lé orí ìwé tí ẹ tò jọ, kó jìnnà sí ojú tó igúnpá sí orí ìka. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, kó wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kó sùn.

Ohun tí ẹ ó kán? Kò sí! Mo ti sọ ọ́, mo tún ń sọ ọ́: sítẹ́rọ́ìdì wà nínú òmíràn lára oògùn ojú tí kẹ́míìsì ń tà. Bí ẹ bá ń kán an lọ, ó lè mú kí inú ojú le, kí ojú sì fọ́. Omi ṣúgà, omi ọmú, ìtọ̀: rárá, rárá, rárá.

Ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá fún un ní jígí, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Kí ẹ̀yin náà sì jókòó kí wọ́n yẹ tiyín wò, torí mo rí bí ẹ ṣe kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà sínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.